Òtítọ́ Tí Ó Mú Ìfẹ́ Lọ́wọ́: Ohun Tí Wòlíì Harris àti Bíṣọ́ọ̀bù Crowther Fi Kọ́ Wa

   

Lọ́dún yìí, ìtàn tí a fẹ́ sọ jẹ mọ́ ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Òun ni bí a ṣe ń sọ òtítọ́ tí ó korò fún ẹni tí a fẹ́ràn. Àwọn baba wa ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wa, a sì mọ ọjà tí ó ń tà àti èyí tí ó kùtà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá dé ní ìpàdé tí ó kan ẹnì kan tí ó jókòó láàrin wa, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa. Ẹni tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ a wúkọ́, a ní kí a fi í sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti túká, a ó sọ ọ́ tán pátápátá nínú gbàkà tí ń gbé wa lọ sílé, lẹ́yìn ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀.

Olúwa wa Jésù kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Nínú Mátíù orí 18, ó ní kí ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bá ṣẹ̀ lọ bá a fúnra rẹ̀, kí ó sì jẹ́ àwọn méjì péré. Pọ́ọ̀lù náà kọ̀wé sí àwọn ará Éfésù pé kí òtítọ́ àti ìfẹ́ máa rìn pọ̀. Kristẹni ni àwa tí a kọ èyí, ṣùgbọ́n Kristẹni àti Mùsùlùmí ni ó wà nínú ẹgbẹ́ wa, a jọ ń jẹ, a jọ ń sìnkú ara wa. Kí gbogbo wa bá ara wa kà á. Ìtàn ènìyàn méjì ni. Ọ̀kan wàásù ní ilẹ̀ tí a ń gbé yìí, èkejì sì jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa.

WÒLÍÌ TÍ Ó GBA ETÍ ÒKUN KỌJÁ

Ẹni tí ó bá gba àwọn abúlé Ébrié etí ọ̀sà kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò rí tọkùnrin tobìnrin tí wọ́n wọ aṣọ funfun lọ sí ilé ìsìn. Àwọn ọmọ ìjọ Harris ni wọ́n. Àwọn Ébrié yìí ni onílẹ̀ Abidjan, àwọn ni wọ́n gbà wá lálejò. Ó yẹ kí àlejò mọ ìtàn onílé.

William Wadé Harris kì í ṣe ọmọ Côte d'Ivoire. Ọmọ Grebo ni, láti etí òkun Làìbéríà, níbi tí wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1860. Ó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi nígbà èwe rẹ̀, ó ṣe olùkọ́ni, ó sì ṣe ògbufọ̀ fún ìjọba. Ní ọdún 1909, ìjọba Làìbéríà mú un, wọ́n ní ó fa àsíá wọn lulẹ̀, ó sì ta ti Gẹ̀ẹ́sì sókè. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà ní ọdún 1910 nígbà tí ó ní áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì fara han òun, tí ó sì pe òun ní wòlíì. Nígbà tí ó jáde, ó bọ́ bàtà àti aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó wé láwàní, ó mú Bíbélì, àgbélébùú tí a fi ọparun ṣe, àti abọ́ omi ìrìbọmi. Ní oṣù Keje ọdún 1913, òun àti àwọn obìnrin tí ń bá a kọrin, tí wọ́n sì ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, sọdá odò Cavally wọ ilẹ̀ yìí.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ó sọ, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó sọ ọ́ fún. Láti ọdún 1908 ni Gómìnà Angoulvant ti ń fi ipá tẹ orí ilẹ̀ yìí ba. Àwọn ọmọ ogun Faransé ń gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń gba owó-orí, wọ́n ń kó wọn ṣiṣẹ́ tipátipá, wọ́n sì ń tú abúlé ká. Ní ọdún 1910, àwọn Abbey dìde ogun ní ẹ̀bá ọ̀nà rélùwéè Agboville, wọ́n sì fojú winá. Ọlọ́gbẹ́ ni àwọn tí Harris bá. Ìjọba ń fi ìbọn pàṣẹ fún wọn lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ tí Harris sọ kò sì dùn. Ó ní ère àti oògùn tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò lè gbà wọ́n, kí wọ́n kó wọn jáde kí wọ́n dáná sun wọ́n. Ó ní kí wọ́n sin Ọlọ́run kan ṣoṣo. Ó ní olè jíjà kò dára, àgbèrè kò dára, kí wọ́n sì fi ọjọ́ Àìkú sinmi. Ó ń sọ fún bàbá arúgbó pé ohun tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ kò níye lórí mọ́. Ta ni nínú wa tí ó lè sọ irú rẹ̀ fún àgbà ìlú kan kí ó sì padà sílé láyọ̀? Síbẹ̀, láàrin nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀, láti Grand-Lahou dé Jacqueville, Grand-Bassam àti Bingerville, títí ó fi wọ Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn tí ó ṣe ìrìbọmi fún tó 100,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìjọ Àgùdà ti wà ní etí òkun yìí fún nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú rẹ̀, wọn kò sì rí irú rẹ̀ rí.

Kí ló dé tí wọ́n gbà á? Ohun mẹ́rin ni a rí.

Èkínní, kò gba nǹkan lọ́wọ́ wọn kí ó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Àṣà àwọn míṣọ́nnárì nígbà náà ni pé ẹni tí ó bá gbàgbọ́ yóò kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn ọdún méjì, kí ó tó ṣe ìrìbọmi. Lójú Harris, ẹni tí ó sun oògùn rẹ̀ lónìí ti di ẹni tí kò ní ààbò ní alẹ́ òní. Ẹ̀rù yóò bà á, yóò sì padà sídìí ohun tí ó jù nù. Nítorí náà ó ń ṣe ìrìbọmi fún wọn lójú ẹsẹ̀, ó ń gbé Bíbélì lé wọn lórí, kí wọ́n lè mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbà wọ́n sábẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀.

Èkejì, kò fi òtítọ́ tú ilé ká. Àwọn míṣọ́nnárì a máa ní kí olóbìnrin púpọ̀ lé àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ kí ó ku ẹyọ kan. Harris kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn obìnrin àti àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kò fi òtítọ́ ṣòwò. Kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi fún. Ẹni tí ó bá ń pa owó nídìí ìbáwí tí ó ń ṣe, a kì í mọ̀ bóyá nítorí wa ni ó ṣe ń sọ̀rọ̀ tàbí nítorí àpò rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó ronú nípa ọ̀la wọn. Ó yan ènìyàn méjìlá ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti máa bójú tó ìjọ, ó sì ní kí wọ́n kọ́ ilé ìsìn, kí wọ́n dúró de olùkọ́ tí yóò mú Bíbélì wá ṣàlàyé fún wọn.

Òun náà sì san owó òtítọ́ rẹ̀. Ìjọba Faransé kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn láti máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì pa òfin mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n nítorí ọ̀pọ̀ èrò tí ń tẹ̀ lé e. Ní ìparí ọdún náà wọ́n mú un, wọ́n lù wọ́n, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń bá a rìn sì kú. Wọ́n lé e padà sí Làìbéríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1915. Ó gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti padà wá wo àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, wọn kò jẹ́ kí ó kọjá ẹnubodè.

Nígbà tí míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì kan, William Platt, dé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó bá ìjọ tí ó kún fọ́fọ́, tí wọ́n ṣì ń dúró de olùkọ́ tí Harris ṣèlérí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé John Ahui ará Petit-Bassam, ẹni tí ó lọ gba ìbùkún lọ́wọ́ Harris ní Làìbéríà ní 1928, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wòlíì náà kú ní 1929. Láti ibẹ̀ ni ìjọ aláṣọ funfun tí a ń rí lónìí ti wá. Ẹni tí wọ́n lé lọ, tí kò ní owó, tí kò ní ìbọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé.

BÀBÁ ARÚGBÓ NÍ ONÍTSHÀ

Bí a bá sọ ti Harris nìkan, ẹnì kan lè ní ti wòlíì ni, àwa kì í ṣe wòlíì. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a padà sílé, sọ́dọ̀ ọmọ tiwa tí kì í ṣe aríran, Samuel Àjàyí Crowther. Ìtàn rẹ̀ yóò fi ìhà méjèèjì hàn wá: bí a ṣe ń fi ìfẹ́ sọ òtítọ́, àti bí a ṣe ń fi òtítọ́ pa ènìyàn.

Ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀gùn ni Àjàyí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822, ó sì dàgbà ní Sàró. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àlùfáà ni ọmọ nígbà náà, ìyá sì ń bọ òrìṣà. Ẹ ronú sí i. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ kìíní ni ìjà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Crowther mú ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀, ó tọ́jú rẹ̀, ìyá sì ń rí bí ọmọ ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1848 ni ó tó ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì sọ ọ́ ní Hannah. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni òtítọ́ fi jókòó nínú ilé kí ó tó so èso.

Ẹ tún wo ti Ìlọrin. Ní 1872, Crowther tí ó ti di Bíṣọ́ọ̀bù láti 1864 dúró níwájú Ẹ́míà àti àwọn àfáà rẹ̀, wọ́n sì ń bi í léèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ní Sàró, ó ti bá Mùsùlùmí jiyàn rí, ó sì ti rí i pé ẹni tí a bá fi iyàn borí kì í di ọ̀rẹ́ ẹni. Nítorí náà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí apá Bíbélì tí a ti túmọ̀ sí èdè Yorùbá, ó sì jẹ́ kí Ìwé náà dáhùn. Ibi tí wọ́n jọ gbà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi Gébúrẹ́lì tí ó mú ìròyìn wá fún Màríà, èyí tí àwọn náà mọ̀. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́, kò sì sọ pé ọ̀kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì bá tiwọn lọ ní àlàáfíà. Àwa tí Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń gbé nínú kọ̀ọ́tù kan ní Treichville mọ bí ẹ̀kọ́ yẹn ti níye lórí tó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Crowther darúgbó, òun náà wá di ẹni tí a ń sọ òtítọ́ fún. Iṣẹ́ ìjọ lórí odò Náíjà, tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ní àbùkù. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ṣòwò, àwọn kan sì hu ìwà tí kò yẹ. A kò ní pa èyí mọ́, nítorí ìtàn òtítọ́ ni a ń sọ. Ilẹ̀ náà fẹ̀, ọkọ̀ kì í lọ déédéé, Bíṣọ́ọ̀bù sì jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tí ó máa ń gba ènìyàn gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ó pẹ́ kí ó tó bá àwọn kan wí. Ìfẹ́ tí ó bá pẹ́ jù kí ó tó sọ òtítọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìfẹ́ láti wá sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lára wọn ni Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson. Onítara ni wọ́n, wọ́n sì mọ Bíbélì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ní ìpàdé ìgbìmọ̀ owó ní Onítshà, wọ́n da ẹ̀sùn sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, níṣojú bàbá rẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, àsọdùn wà níbẹ̀, irọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n dà lé orí bàbá tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, níbi tí òun ni alága. Crowther fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àìsàn fi dá a gúnlẹ̀, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Kí ni èrè òtítọ́ yẹn? Àwọn ìjọ Delta bínú, wọ́n sì ya ara wọn sọ́tọ̀ ní 1892 lábẹ́ Dandeson. Ní Èkó, àwọn Kristẹni bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá òyìnbó fẹ́ràn wọn rárá. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ kí ọmọ Nàìjíríà tó tún di Bíṣọ́ọ̀bù tí ń ṣàkóso àgbègbè tirẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà. Robinson kú ní 1891, Brooke kú ní 1892, iṣẹ́ tí wọ́n wá tún ṣe kò sì tún ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí Crowther di Bíṣọ́ọ̀bù, Justin Welby, tí ó jẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà, dúró ní Canterbury, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n ṣe sí bàbá yìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́fà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

ÈYÍ TÍ Ó KÀN WÁ

Bí a bá fi ìtàn méjèèjì wé ara wọn, ohun kan ni ó yọ jáde. Harris sọ ohun tí ó le ju ti àwọn ọ̀dọ́ Onítshà lọ. Òun ní kí ènìyàn dáná sun ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ní àwọn òṣìṣẹ́ kan hu ìwà tí kò yẹ. Síbẹ̀, tirẹ̀ ni wọ́n gbà. Òtítọ́ tí ó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Bí ọwọ́ wa bá ṣófo nígbà tí a lọ bá arákùnrin wa wí, kí a padà sílé kí a lọ wá ohun tí a ó mú dání.

Ó tó àkókò kí àwa náà ṣe ohun tí a ń sọ. Òtítọ́ kan wà tí ẹgbẹ́ wa ti ń fi sí ìpàdé tí ń bọ̀ láti ọdún pípẹ́. Òun ni ti àwọn ọmọ tí a ń mú wá láti ilé.

Ẹ má bínú sí wa. A máa ń lọ sílé, a máa ń sọ fún ìbátan tí kò lówó lọ́wọ́ pé kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá wa lọ sí Abidjan, pé a ó fi í sí iléèwé, yóò gbọ́ Faransé, yóò sì rí ayé. Òbí á dúpẹ́, á gbàdúrà fún wa. Nígbà tí a bá dé ibí, àwọn kan nínú wa mú ìlérí náà ṣẹ, kí Ọlọ́run bù kún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn, àtẹ ni a gbé lé ọmọ náà lórí. Ó ń kiri omi tútù àti ọṣẹ láàrin ọkọ̀ ní Adjamé láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń fọ aṣọ ilé, ó sì ń wo àwọn ọmọ tiwa bí wọ́n ti ń gbé báàgì lọ sí iléèwé. Bí bàbá rẹ̀ bá pè lórí fóònù, a ó ní ara rẹ̀ le, ó ń kàwé.

Àwa tí a kọ̀wé yìí kò wẹ̀ mọ́ níbẹ̀. A ti jẹ oúnjẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sè nílé ọ̀rẹ́ wa, a yìn ín pé ó mọ oúnjẹ sè, a kò sì béèrè kíláàsì tí ó wà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti ń gún wa lọ́kàn. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Òfin ilẹ̀ yìí kò dákẹ́. Òfin ọdún 2010 ka òwò ọmọdé àti lílo ọmọ fún iṣẹ́ tí ó burú sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ń fi ni sẹ́wọ̀n. Òfin ọdún 2015 sì sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ọdún 6 sí 16 wà ní iléèwé, ọmọ onílé àti ọmọ àlejò. Nílé pẹ̀lú, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti wà ní Nàìjíríà láti 2003. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọlọ́pàá ni a fi ń sọ ọ́. Nítorí ọmọ náà ni, àti nítorí ìlérí tí a ṣe níwájú bàbá rẹ̀.

A mọ ohun tí ẹ̀yin ìyá kan yóò fèsì. Ẹ ó ní ọjà kò tà, owó ilé ti gòkè, bí ọmọ yẹn kò bá kiri, kí ni ẹ ó jẹ? Òtítọ́ ni ẹ̀yin náà ń sọ, a sì gbọ́. Nítorí náà a kò mú ọwọ́ òfo wá. Ohun mẹ́ta ni a gbé síwájú ẹgbẹ́. Kí a ya apá kan nínú owó àjọ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwé àti aṣọ iléèwé irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí àwọn tí wọ́n mọ Faransé nínú wa ran alágbàtọ́ lọ́wọ́ láti gba ìwé ìbí ọmọ, nítorí àìní ìwé ìbí ni ó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́nà iléèwé. Kí ìyá tí yóò bá sọ àtẹ ọmọ kalẹ̀ sì kọ́kọ́ wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ yóò yá lówó láti fi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré.

Ẹni tí ó bá sì mọ ilé tí ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, kí ó má ṣe mú un wá sí ìpàdé lójú gbogbo ènìyàn bíi ti Onítshà. Kí ó lọ bá ẹni náà nílé ní alẹ́, kí ó jókòó, kí ó mu omi tí wọ́n bá gbé fún un. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n jọ gbà, pé gbogbo wa ni a fi ilé sílẹ̀ kí ọ̀la àwọn ọmọ lè dára. Kí ó wá sọ ọ́ láìfi ohunkóhun pamọ́. Kí ó sì tún padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó mú àgbà kan tàbí méjì dání, gẹ́gẹ́ bí Olúwa ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lu ọmọ náà tàbí tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kò sí pé à ń dúró. Kí a gbé ọmọ náà kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì fi tó ìjọba létí.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àgbà. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá, ẹ̀yin ni ẹ gbà wá sílé nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ẹ̀yin ni ẹ dá owó nígbà tí a ṣòfò. Bí a kò bá fẹ́ràn yín, à bá dákẹ́.

Kí Ọlọ́run tí ó mú wa dé ilẹ̀ yìí má ṣe jẹ́ kí omijé ọmọ ọlọ́mọ tẹ̀ lé wa padà sílé. Kí ó fún wa ní ẹnu tí ó lè sọ òtítọ́, etí tí ó lè gbà á, àti ọwọ́ tí kò ṣófo.  Àmín.